Òdo Tí Mo Rọ Kún Ẹ̀rọ

Agogo mọ́kànlá alẹ́. Ṣábẹ̀ẹ́ ti sùn,
àfi àwọn òkè òkúta tó dúró bí àgbà tí oorun kọ̀.
Ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára,
èmi àti Wọ̀rú jókòó ti kọ̀ǹpútà kan
tí wọ́n gbé wá láti Kùtọnu nínú páálí ọṣẹ.
Lọ́la ni yóò gba orúkọ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọmọ:
ta ló ti gba ti rọpárọsẹ̀, ta ni ti èéyi kù fún.

Mo ní, "Ká tó dẹrù lé e, ká wo bí yóò ṣe ṣubú."
Wọ̀rú ní, "Ọ̀gá, ta ní í ra ẹṣin tuntun
tí í kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀?"

Mi ò fèsì. Ìyá àgbà mi ni mo rántí.
Bó bá ra ìkòkò tuntun, kò sẹ́ni tí yóò bumi mu níbẹ̀.
A ó pọnmi, a ó pọnmi, títí omi ó fi yọ létí,
a ó gbé e sórí yanrìn gbígbẹ di àárọ̀,
yóò wá fàtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.
"Ìkòkò tí kò kún rí," a ní, "ẹ má tíì yìn ín."

Mo tẹ àṣẹ ìlà kan péré:
máa bu òdo níbi tí òdo kì í tán,
máa rọ ọ́ sínú àwo tó wà nínú iyè rẹ.
Òdo ni o, kì í ṣe odò.
Òdo lórí òdo, èèpo kajú tí kò ní kóró.
Mo ti rò pé ohun tí kò sí kì í gba àyè.

Gìgábáìtì kan. Mẹ́ta. Ẹ̀rọ kò mira.
Mẹ́fà: fáànù ń hu bí ọyẹ́ ẹnu fèrèsé.
Méje àti díẹ̀: ó ń kó ẹrù lọ sórí dísìkì,
ó ń lọ, ó ń bọ̀,
bí onílé tí yàrá kún fún, tó ń to àga síta lójú òjò.
Mo tẹ lẹ́tà kan.
Wọ̀rú jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tán kí lẹ́tà náà tó yọjú.
Sẹ́míjàn kan kọjá lójú títì Pàràkú, ìró rẹ̀ kú.

Nígbà náà ni kóró ẹ̀rọ yọ ọ̀bẹ.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a: bí àyè bá tán,
á pa ẹnìkan nínú ilé, kílé má baà wó.
Mo ka àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ta ló pa?
Àwo tó kún fún òdo kò ní olówó;
ẹni tó sanra jù, tó sì lórúkọ, ló wá.
Ìwé orúkọ àwọn ọmọ ló pa.

Wọ̀rú ti ẹ̀pà bọ́ ilẹ̀.

Mo fi òdiwọ̀n sétí àwo náà.
Mo kọ ọ́ síwájú ìwé orúkọ: ẹ má fọwọ́ kan eléyìí.
A tún un rọ. Òdo dé òdiwọ̀n, ó dúró.
Ìwé orúkọ ń mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí ìyá àgbà lò kẹ́yìn, iyè òun náà kún.
Èmi tí mò ń bu ẹ̀kọ mímu fún un,
orúkọ mi ló kọ́kọ́ jábọ́.
Lẹ́yìn náà tọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀nà odò.
Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún méjì
tí èéyi mú lọ kí wọ́n tó bí bàbá mi,
ó ń pè é wá jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ ìkẹyìn fi ṣú.
Ta ló kọ ìlà yẹn síwájú orúkọ ọmọ náà?

Wọ̀rú ní ká paná, ká máa lọ.
Mo ní kó dúró díẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì,
mo fàtẹ́lẹwọ́ kan sìmẹ́ǹtì.
Ó gbẹ.